Mágínẹ́ẹ̀tì Inú Àpò Mi

Ọ̀sán Sátidé nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ní Hamilton,
yìnyín ń yọ́, ojú títì di ẹrẹ̀.
Bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀ kí n tó dé ilé Donato,
bàbá arúgbó tó fi ogójì ọdún yọ́ irin létí adágún.
Ó ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì
bí ẹni ń ṣí ìbòjú ìyàwó.

Dátsùn!
Ó pupa fòò, ó gùn nímú,
ó ba sílẹ̀ bí ológbò tó rí eku.
Irú rẹ̀ ni dókítà kan gbé wọ Ìkìrun nígbà èwe mi,
tí mo sáré tẹ̀lé eruku rẹ̀, èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
títí bàtà mi ẹyọ kan fi sọnù.
Mo ní, ọkàn mi, jókòó.
Ìfẹ́ kọ́ ni a fi ń ra ọkọ̀ àgbà,
iná tọ́ọ̀ṣì ni.

Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì: ó lọ́wọ́ọ́rọ́.
Ta ló jí ẹ kí àlejò tó dé?
Ẹ́ńjìnnì tó bá láìsàn,
òtútù òwúrọ̀ ní í tú àṣírí ikọ́ rẹ̀.
Donato wo bàtà ara rẹ̀.
Ó ní, "Mi ò fẹ́ kó dójú tì mí ni."

Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí Fádípẹ̀ mẹkáníìkì yá mi,
mo rọra fi í rìn lára ilẹ̀kùn: ó lẹ̀.
Lára òrùlé: ó lẹ̀ pinpin.
Lókè táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún,
ó já bọ́, ó dún tín-ín lórí sìmẹ́ńtì.
Amọ̀ ni wọ́n fi dí i, ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó,
atíkè lójú egbò.

Iyọ̀.
Iyọ̀ tí wọ́n tọ́ sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ
pé kí ayé mi dùn,
òun náà ni wọ́n ń fọ́n sójú títì níbí
láti Ọ̀wàrà títí di Ẹrẹ́nà.
Ó ń jẹ irin láti ìsàlẹ̀, kò dún, kò yó.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkọ ìyàwó níwájú àna,
mo tan iná sábẹ́ rẹ̀.
Ṣáásí òsì dáa.
Ti ọ̀tún, mo fi súkúrúdíráfà gún un,
ó wọlé bí ọ̀bẹ ń wọ mọ́ínmọ́ín.

A gbé e jáde, a gun òkè.
Jíà kejì ń kùn bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun.
Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, èéfín aláwọ̀ aró ń tẹ̀lé wa:
ọ̀mùtí epo ni.
Ṣùgbọ́n níbi kọ́nà kan, adágún yọ sí wa lójijì,
ọkọ̀ náà tẹ̀, ó di ilẹ̀ mú,
mo sì gbọ́ ẹ̀rín ẹnìkan, ẹ̀rín ọmọdé.
Èmi ni.
Fádípẹ̀ kò yá mi ní ohun tí a fi ń wọn ìyẹn.

Mo wá ìwé ọkọ̀ nínú àpótí iwájú,
ìbọ̀wọ́ obìnrin ni mo bá níbẹ̀, ẹyọ kan.
Donato gbà á lọ́wọ́ mi, ó ká a.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀:
"Èmi ni mo fi amọ̀ dí i, ọdún tí Carmela kú.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà náà, mi ò lè jó irin."

Mo kọ iye tí agbára mi ká sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì.
Ó kà á, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fi sápò àyà.
Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mọ́radéyọ̀ pè mí ní ibùdókọ̀:
"Ilẹ̀kùn mélòó ló ní?"
Mo ní méjì.
"Ọmọ mélòó la bí?"
Mo ní bọ́ọ̀sì ti dé.

Bí mo ti wọlé, àpò mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
mágínẹ́ẹ̀tì ti lẹ̀ mọ́ òpó ọkọ̀ gbágbá.
Mi ò já a.
Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí a fi délé.